Ẹ̀pà Tó Dán Lójú Lè Ní Àrùn Nínú

Olóòtú ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ sínú ìwé ìròyìn wa ti tẹ́ẹ̀mù yìí. Bí a ṣe ń mọ irúgbìn tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti wọ̀ ni mo mú, pàápàá irúgbìn tí a ń fún òróró lára rẹ̀: ẹ̀pà, ẹ̀gúsí, sóyà, yànmọ̀tí. Ìdí tí mo fi mú un kò pamọ́. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lẹ mọ ọ̀rọ̀ ẹ̀pà wa, ẹ sì mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí nítorí rẹ̀.

Fún àwọn olùkọ́ tí wọn ò tíì gbọ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa ní Jikwoyi níbí, ẹgbẹ́ wa gba ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọkùnrin láti fi dá oko ẹ̀pà. A fẹ́ fi ẹ̀pà náà ṣe àlejò àwọn òbí wa ní ọjọ́ àṣà. Olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa bá wa ra ẹ̀pà bíbó múdù kan lọ́jà. (Múdù ni wọ́n ń pè é ní Àbújá níbí, kóńgò ni nílé wa ní Ṣakí. Wọn ò tóbi bákan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní.) Nítorí pé èmi ni mò ń tọ́jú ẹrù ẹgbẹ́, èmi ni wọ́n kó o fún. Ó wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣe é gbìn, torí òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ yẹn, a sì ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́.

A gbin hóró 600. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 216 péré ló hù. Nínú àwọn tó hù náà, àwọn kan tẹ̀ kọdọrọ, ọrùn wọn dúdú, wọ́n sì kú. Nígbà tí a hú àwọn tí kò hù jáde, wọ́n ti rà, nǹkan dúdú bí ìyẹ̀fun èédú bò wọ́n.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti gba gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní mo ti ṣa ẹ̀pà tó dára jẹ, èyí tí kò dára ni mo kó fún ẹgbẹ́ pé kí wọ́n gbìn. Wọ́n sọ mí ní Ọ̀kẹ́rẹ́. Bí mo bá wọ ilé oúnjẹ, ẹnì kan á ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́ dé o, ẹ pa ẹ̀pà mọ́!" Lọ́jọ́ kìíní, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Kí n má purọ́, mo jẹ níbẹ̀. Hóró bíi mẹ́jọ ni, mo fi mu gàrí lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo pẹ́ dé ilé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n hóró mẹ́jọ ò lè ba oko jẹ́.

Mo bá lọ bá olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé a lè mọ ohun tó ṣe ẹ̀pà yẹn?" Wọ́n ní kí n lọ kó èyí tó kù wá. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni fọ́ńgọ́ọ̀sì? Ẹbí olú ni. Olú tó ń hù lára igi jíjẹrà, irun funfun tó ń hù lára búrẹ́dì tí ẹ gbàgbé sínú lọ́kà, àti ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì yẹn gan-an, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló burú. Èso wọn kéré ju ìyẹ̀fun lọ, afẹ́fẹ́ ń gbé e kiri, ó wà nínú ilẹ̀, ó wà lára àpò. Tó bá wọ inú irúgbìn, ó lè sùn síbẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Irúgbìn yóò gbé e láti oko dé abà, láti abà dé ọjà, láti ọjà dé oko ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní àrùn tó ń bá irúgbìn rìn. Ọjọ́ tí irúgbìn bá rí omi láti hù, ọjọ́ yẹn ni òun náà ń jí.

Ẹ̀pà ló tètè ń kó o jù, ìdí rẹ̀ sì yé mi nígbà tí wọ́n ṣàlàyé. Inú ilẹ̀ ni ẹ̀pà ń so sí, inú ilẹ̀ náà sì ni Aspergillus ń gbé. Èèpo rẹ̀ kan ilẹ̀ láti ọjọ́ tó ti yọ títí dìgbà tí wọ́n fi máa hú u. Tí ọ̀dá bá dá nígbà tó kù díẹ̀ kó gbó, tàbí tí kòkòrò bá lu èèpo náà, ọ̀nà ti là nìyẹn. Bí ẹni tó hú u ò bá sì sá a gbẹ kíákíá, tàbí tó fi ọkọ́ ṣá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀nà kejì nìyẹn.

Ọ̀nà tó pẹ́ jù láti fi mọ̀ ọ́n ni ojú, imú àti etí. Mo pe ìyá àgbà mi ní Ṣakí lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n máa ń jẹ́ ká lo fóònù. Wọ́n ní àwọn máa ń gbọn ẹ̀pà tí a ò tíì bó sétí: tó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ó ti gbẹ. Wọ́n ní àwọn ń ṣa èyí tó hunjọ, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, èyí tí kòkòrò ti jẹ àti èyí tó pín sí méjì kúrò. Tí ẹ̀pà bá korò lẹ́nu, kí a tu ú dànù lójú ẹsẹ̀, kí a má gbé e mì nítorí ìtìjú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò kà sí nígbà yẹn. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti bó o kẹ́ ẹ tó tọ́jú ẹ̀ ni? Níbo lo wá kó o sí?" Mo ní, "Inú ọ̀rá ni mà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní kí n kí àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Ojú àti imú dára, ṣùgbọ́n wọn ò tó. Olùkọ́ da ẹ̀pà tó kù sórí tábìlì, wọ́n ní kí n ṣa 100 tó dára lójú jáde. Mo ṣa á. Pupa dán, kò hunjọ, kò ní ihò. Ẹ lè fi wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ní àwọn yẹn gan-an la máa yẹ̀ wò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Nínú yàrá àyẹ̀wò irúgbìn gidi, wọ́n máa ń tẹ́ bébà tó ń fa omi sínú abọ́ pẹlẹbẹ ní ìpele mẹ́ta, wọ́n á rin ín, wọ́n á wá to irúgbìn sórí rẹ̀ kí wọ́n má fara kan ara wọn. Wọ́n á gbé e sí ibi tí kò gbóná jù, nǹkan bíi 20 sí 22 lórí ìwọ̀n Celsius, wákàtí 12 nínú ìmọ́lẹ̀, wákàtí 12 nínú òkùnkùn, fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ wọ́n á yẹ hóró kọ̀ọ̀kan wò lábẹ́ máíkrósíkóòpù. Hóró 400 ni wọ́n sábà máa ń lò, kí ẹ̀rí náà lè lágbára. Àwa ò ní abọ́ yẹn. Tíṣù la lò, a tẹ́ ẹ sínú ìdérí kúlà oúnjẹ mẹ́wàá tí a yá lọ́wọ́ àwọn ọmọ yàrá wa (ẹ ṣeun o, a ti fọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti omi gbígbóná), a to hóró mẹ́wàá mẹ́wàá, a fi ọ̀rá tó mọ́ bò ó. Dípò máíkrósíkóòpù, awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá la lò.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó wù mí gan-an. Kí a tó tò wọ́n, olùkọ́ ní kí n pín 100 yẹn sí méjì. 50 la gbìn sórí tíṣù bẹ́ẹ̀. 50 kejì, a kọ́kọ́ rì wọ́n sínú omi tí a po bílíìṣì díẹ̀ mọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì fi omi tó mọ́ ṣan wọ́n. Ìdí rẹ̀ ni pé bílíìṣì á pa èyí tó wà lára irúgbìn, ṣùgbọ́n kò ní lè dé inú. Nítorí náà, fọ́ńgọ́ọ̀sì tó bá ṣì yọ lára èyí tí a fọ̀, ẹ mọ̀ pé inú lọ́hùn-ún ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Mo rò ó títí tí mo fi sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a fi aṣọ bo imú (ẹ má ṣe gbóòórùn rẹ̀ rárá, èso rẹ̀ lè wọ ẹ̀dọ̀fóró), a ṣí ìdérí. Orí ṣíṣe mí. Nínú 50 tí a ò fọ̀, 14 ló hù. Nínú 50 tí a fọ̀, 20 ló hù. Àwọ̀ ló fi ń yàtọ̀ síra wọn. Èyí tó dúdú bí èédú, tó ní orí roboto roboto lórí igi tínrín bí abẹ́rẹ́, Aspergillus niger ni. Òun ló ń jẹ ọrùn ọ̀gbìn ẹ̀pà, òun la rí lóko. Èyí tó dà bí òwú funfun tó ní àmì dúdú kéékèèké, tó ń sáré bo aládùúgbò rẹ̀, Rhizopus ni. Èyí tó ní àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀, bí ọsàn tí kò tíì pọ́n tán, Aspergillus flavus ni. Lára èyí tí a ò fọ̀, a rí òwú funfun lára 11. Lára èyí tí a fọ̀, ẹyọ kan. Ara lásán ni ìyẹn wà. Ṣùgbọ́n aláwọ̀ ewé, 17 lára èyí tí a ò fọ̀, 12 lára èyí tí a fọ̀. Bílíìṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan ṣe sí i. Inú ẹ̀pà tó dán bẹ́ẹ̀ ló ń gbé.

Mo sáré lọ ilé oúnjẹ. Mo ní, "Ẹ ti rí i báyìí? Ẹni tó ta ẹ̀pà yẹn ló ta àrùn fún wa!" Wọ́n dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n fi orúkọ mi pè mí.

Àṣé ó ku ìdánwò kan. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ ra ẹ̀pà náà, kí wọ́n tó kó o fún mi, wọ́n ti bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú ápòòwé bébà, wọ́n fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù wọn pé àwọn máa fi kọ́ àwọn JSS 1. Ẹ̀pà kan náà, múdù kan náà. Wọ́n ní kí a yẹ 50 wò nínú ìyẹn náà. Mi ò gbàdúrà rí pé kí irúgbìn má hù, àfi ọ̀sẹ̀ yẹn.

43 ló hù. Aláwọ̀ ewé, ẹyọ méjì.

Olùkọ́ ò bínú. Wọ́n kàn bi mí pé, "Níbo lo tọ́jú tìẹ sí?" Mo sọ fún wọn. Abẹ́ bọ́ńkì ni, lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń wẹ̀. Inú ọ̀rá dúdú, mo sì so ó pinpin kí èèrà má baà wọ̀ ọ́. Wọ́n ní irúgbìn ń mí bí èèyàn. Tí a bá so ó sínú ọ̀rá nígbà òjò, omi tó ń mí jáde ò ní rí ọ̀nà lọ, á tún padà sí i lára. Ẹ̀pà bíbó tí a fẹ́ tọ́jú gbọ́dọ̀ gbẹ débi pé omi inú rẹ̀ kò ní ju 7 tàbí 8 lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Àrùn díẹ̀ wà nínú ẹ̀pà yẹn láti ọjà, òótọ́ ni, ẹyọ méjì yẹn jẹ́rìí sí i. Èmi ni mo fún un ní ilé, omi àti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ìdí tí ìyá àgbà fi dákẹ́ lórí fóònù.

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo dìde, mo ka iye rẹ̀ fún wọn látorí bébà, torí ohùn mi ń gbọ̀n. Mo sọ ti hóró mẹ́jọ náà. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ìbá sàn kó jẹ gbogbo ẹ̀." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wá dá ìjà mìíì sílẹ̀, torí pé ẹ̀pà tó kù ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì múdù. Àwọn sínjọ̀ kan ní kí a yan án, kí a fi mu gàrí, pé iná á pa gbogbo kòkòrò ibẹ̀. Èyí ni ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kà yìí fara balẹ̀ jù.

Iná lè pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n oró tó ti tu sínú ẹ̀pà kì í bá a kú. Ní 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú. Wọn ò mọ ohun tó pa wọ́n, wọ́n kàn pè é ní àrùn X ti tòlótòló. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ lọ, oúnjẹ wọn ni: ìyẹ̀fun ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ kúrò, tí ọkọ̀ òkun gbé wá láti Brazil. Aspergillus flavus ló ti wà lára rẹ̀. Orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn ni wọ́n gé láti fi sọ oró náà lórúkọ: A, fla, wọ́n wá fi toxin kún un, aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bà jẹ́. Tí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè pa èèyàn kíákíá. Ní Kenya ní 2004, àgbàdo ni, kì í ṣe ẹ̀pà: èèyàn 317 ló ṣàìsàn, 125 sì kú. Yíyan àti sísè lè dín in kù, kò lè mú un tán. Tí wọ́n bá sì fún òróró lára ẹ̀pà bẹ́ẹ̀, inú èyí tó kù ni oró náà ń pọ̀ sí jù, èyí tí a fi ń ṣe kúlíkúlí. Ẹ̀yin ará gàrí àti kúlíkúlí, ẹ gbọ́ o.

Ṣé ẹ̀pà tiwa ní oró yẹn? Tíṣù ò lè sọ fún wa. Kì í ṣe gbogbo Aspergillus flavus ló ń tu oró, àwọ̀ wọn sì jọra. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè dá a mọ̀. Oró náà máa ń tàn lábẹ́ iná ultraviolet: èyí tó tàn búlúù ni wọ́n pè ní B, èyí tó tàn bí àwọ̀ ewé ni wọ́n pè ní G, láti ara orúkọ àwọn àwọ̀ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A ò ní iná yẹn ní Jikwoyi. Mo bá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹrù, mo ní ẹni tó bá fẹ́ mú un á kọ́kọ́ kọjá lára mi. Olùkọ́ ló gbà mí. A gbẹ́ ihò jíjìn, a sin ẹ̀pà náà. Ó dun àwọn kan di òní.

Torí pé irú kan wà tí kì í tu oró ni àwọn onímọ̀ ní IITA ní Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, fi ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Aflasafe. Wọ́n ṣa irú mẹ́rin tí kì í tu oró láti inú ilẹ̀ Nàìjíríà fúnra rẹ̀, wọ́n fi bo ọkà bàbà tí wọ́n ti pa kó má lè hù mọ́. Àgbẹ̀ á fọ́n ọn sóko, kílò 10 sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ohun ọ̀gbìn tó tan òdòdó. Irú tí kò ní oró á gba ilẹ̀ mọ́ olóró lọ́wọ́. NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2014, fún àgbàdo àti ẹ̀pà. Ẹ wò ó, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni wọ́n fi lé fọ́ńgọ́ọ̀sì jáde! Bó bá ti pé mi láti lọ Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí, kì í ṣe Cocoa House.

Kò yẹ kí a máa ra irúgbìn láìmọ ibi tó ti wá náà. Àjọ tó ń rí sí irúgbìn ní Nàìjíríà, National Agricultural Seeds Council, Ṣẹ́dà ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, nínú FCT wa níbí. Irúgbìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò máa ń ní àmì lára àpò. Mo ti bẹ olùdarí ẹgbẹ́ wa pé kí wọ́n kọ̀wé síbẹ̀ kí wọ́n lè gbà wá lálejò. A ṣì ń retí ìdáhùn ọ̀gá àgbà ilé ìwé.

Ní báyìí, a ti dá owó lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì ra ẹ̀pà mìíì, èyí tí wọn ò tíì bó. A bó 50 nínú rẹ̀, a to wọ́n sórí tíṣù. 46 hù, dúdú mẹ́ta, aláwọ̀ ewé kan. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá la gbin hóró 400 nínú ìyókù. Èyí tí a fi pamọ́ wà nínú èèpo rẹ̀, nínú àpò aṣọ, mo gbé e kọ́ sára ìṣó nínú yàrá iṣẹ́ àgbẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Èèpo 305 ni. Mo kọ iye rẹ̀ sára àpò náà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, kó lọ kà á.